Tíì Márùn-ún Tó Ti Orí Òkè Wá àti Ìka Ẹsẹ̀ Màmá

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀dùn,
                                        Mówè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Hikmah, àbúrò mi tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù orí òkè Mambilla yẹn ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ọkọ wa Àbúbákr ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ ò tíì fi ariwo di í létí? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń dìde dúró, àbí ó ṣì ń wọ́dìí nílẹ̀ kiri? Ikọ́ tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu nígbà òjò ńkọ́? Mo ń bi ẹ́ ní gbogbo èyí nínú ìwé nítorí pé fóònù yín ò ṣe é gbára lé. Bí mo bá pè ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wọlé, ohùn rẹ á sì máa já bí òwú tó ti gbó. Ìyẹn ló mú mi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ́sàn-án Àìkú yìí, tí mo fi pátákó tí mo fi ń gé aṣọ ṣe tábìlì. Ògúnkànmí, awakọ̀ tírélà tó gbé ẹrù rẹ wá, ni yóò gbé lẹ́tà yìí dé Gembu bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Kí n má fi ọkàn rẹ sókè: Màmá wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá gbogbo èèyàn jà bí ìṣe wọn, wọ́n sì ní kí n kí ẹ. Ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́, torí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, tèmi sì wà níbẹ̀, tèmi ló pọ̀ jù.

O mọ̀ pé inú oṣù kẹjọ ni Màmá fi ìka ẹsẹ̀ òsì wọn tó kéré jù gbá àpótí, tí ojú ibẹ̀ sì kọ̀ tí kò jiná. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ lórí fóònù ni ohun tí dókítà sọ. Ọmọ obìnrin kékeré kan ni dókítà náà, kò ju àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò kéré. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà Màmá ti le, ó ní bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá wálẹ̀, egbò yẹn ò ní jiná, bí kò bá sì jiná, àfi kí àwọn gé ìka náà kó má baà kó bá gbogbo ẹsẹ̀. Màmá wo dókítà lójú, wọ́n ní, "Mẹ́wàá ni wọ́n bí mọ́ mi, mẹ́wàá náà ni màá gbé padà lọ bá Ẹlẹ́dàá mi." Wọ́n dìde, wọ́n ní ká máa lọ.

Ńṣe ni mo ṣe òfin fún ilé. Mo dín ẹ̀bà kù, mo dín iṣu kù, mo lé mínírà jáde pátápátá. Màmá fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Tíì ni wọ́n ò fara mọ́. O mọ tíì Màmá, ìdajì agolo mílíìkì, kóró ṣúgà márùn-ún, búrẹ́dì tí wọ́n á máa tẹ̀ rì sínú rẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ògì. Mo ní kí wọ́n mu ún láìsí ṣúgà, wọ́n ní tíì tí kò ní ṣúgà, omi ìwẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi bínú sí mi. Ní ọjọ́ karùn-ún ni Ògúnkànmí fun fèrè lẹ́bàá títì, tó ní ẹrù dé láti Gembu.

Háà, Hikmah, orí rẹ pé! Ìdì bébà márùn-ún, ewé tíì gidi, kì í ṣe èyí tó wà nínú àpò kékeré olókùn, o sì ti po nǹkan olóòórùn dídùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atalẹ̀, kànáfùrù, koríko ọba, èèpo ọsàn, àti fànílà. O tún fi kẹ́ẹ̀gì oyin kékeré kan sí i fún ikọ́ Màmá. Nígbà tí mo tú u, òórùn gba gbogbo pálọ̀. Mo ní ogun ti parí. Mo ní nínú márùn-ún yìí, èmi Sùwéébátù á wá èyí tí Màmá máa mu láìsí ṣúgà, ìka ẹsẹ̀ á sì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Má rẹ́rìn-ín ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ti atalẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo da ìkúnwọ́ méjì sí ìkòkò, mo bomi lé e, mo dé e pinpin, mo jẹ́ kó máa hó títí omi fi fà dé ìdajì, bí a ṣe ń se àgbo ibà gẹ́lẹ́. Ewé ṣáà ni ewé, àbí? Asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì ni mo fi sẹ́ ẹ. Ó dúdú bí omi aró, ó korò bíi jogbo, ó sì ń rùn bí omidùn. Màmá fẹnu kàn án, ojú wọn fún pọ̀. "Sùwéébá, ta ló sọ fún ẹ pé ibà ń ṣe mí?" Bàbá Ṣàràfá ọkọ mi, tí kì í fẹ́ wàhálà, mu ẹ̀kún ẹnu kan, wọ́n rọra gbé ife sílẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo táyà ọkọ̀ àwọn níta. Ọkọ̀ tí kò tíì ti mẹkáníìkì dé láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀!

Ìbíwùnmí ló gbà wá. Ìyẹn ni ọmọ Ìkirè tó háyà yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń dirun níwájú ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun ló ń bá Màmá jókòó ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú bébà tíì náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ wò ó, Màmá Ṣàràfá, wọ́n kọ nǹkan síbí." Àṣé o ti kọ ọ́ gàdàgbà pé a ò gbọdọ̀ sè é, pé omi gbígbóná ni ká dà lé e, ká dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Mi ò yí bébà wò rárá. O mọ̀ mí, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po tíì?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ṣe é bó ṣe yẹ. Mo gé aṣọ nẹ́ẹ̀tì tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, mo fọ̀ ọ́, mo fi sẹ́ tíì. Mo to ife márùn-ún síwájú Màmá, àwọ̀ kálukú lọ́tọ̀ kí n má baà ṣi wọ́n mú, mo bu díẹ̀díẹ̀ fún Bàbá Ṣàràfá àti Ìbíwùnmí náà. Mo pàṣẹ pé kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà, kò sí búrẹ́dì. Bàbá Ṣàràfá ní ṣé tíì nìyẹn àbí ààwẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí lẹ́nu fún ẹ, torí ìwọ lo ṣe wàhálà wọn. Ti koríko ọba rọ̀ lọ́fun, òórùn rẹ̀ dà bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e mì tán, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́nu. Kànáfùrù kọ́kọ́ ta ahọ́n, lẹ́yìn náà ó mú un kú tipiri, bíi ìgbà tí a bá fi í sí eyín tó ń dunni. Fànílà, òpùrọ́ ni. Imú rẹ á ti sọ fún ẹ pé kéèkì ń bọ̀, o máa gbé e sẹ́nu, kò ní sí kéèkì níbẹ̀. Atalẹ̀ tí a ò sè bí àgbo mọ́ gbóná láti ọ̀fun dé àyà, mo ní ó ti le jù fún àgbàlagbà, mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tó kan èèpo ọsàn, Hikmah, mo pàtẹ́wọ́! Ó pọ́n, ó mọ́lẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì tún fẹ́ dùn. Mo ní, "Èyí ni! Èyí ni mo ń wá! Màmá, èyí lẹ máa fẹ́ràn." Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ kí Màmá tó fi ètè kan ife. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wojú mi, wọ́n ní ó dùn. Ìbíwùnmí náà ní ó dùn, mà. Bàbá Ṣàràfá ní ohun tí ìyàwó àwọn bá ti sọ, òun náà ni.

Láti ọjọ́ náà, èèpo ọsàn di tíì Màmá. Mo máa ń dà á sí fláàsì kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá dé, òfìfo ni màá bá. Kò sí kóró ṣúgà kan nínú ilé. Mo ń fọ́nnu kiri. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi, mo sọ fún àwọn ìyá ní àsàlátù, mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ wá bá mi.

Ó di ìparí oṣù kẹsàn-án, a padà sí ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n gún Màmá níka, dókítà wo ẹ̀rọ, ó tún un gún. Ṣúgà ò wálẹ̀ o. Ńṣe ló tún gòkè sí i. Ó ká báńdéèjì ẹsẹ̀, etí egbò yẹn ti ń dúdú. Ó sọ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé òun fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí kò bá yí padà, kí n kó aṣọ tí Màmá máa fi sùn dání nígbà tí a bá ń bọ̀. Lójú ọ̀nà, Màmá di ọwọ́ mi mú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ọmọdé. Mi ò rí i kí Màmá di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbínú ni mo gbé wọlé. Mo ní ẹnì kan ń fún Màmá ní ṣúgà lẹ́yìn mi. Ta ló ń bá wọn jókòó? Ìbíwùnmí. Mo kọjá sí ibi tó ti ń dirun, mo rí páálí ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí rẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Mo bú u níwájú oníbàárà méjì, ọ̀kan kò tíì di ju ìdajì orí lọ. Mo ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ìyá mi ló fẹ́ jẹ. Ìbíwùnmí kúnlẹ̀, òòyà ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní bí kò bá jẹ̀bi, kí ló dé tó dákẹ́?

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Á kí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á wọlé padà. Màmá ń dá jókòó lójú fèrèsé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gbàgbé síìpù oníbàárà kan sílé, mo padà wá mú un nígbà tí oòrùn wà lókè. Mo bá Màmá lórí àga wọn, ife èèpo ọsàn wà níwájú wọn, kẹ́ẹ̀gì oyin rẹ wà láàárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Ṣíbí mẹ́ta ni mo fojú mi kà tí wọ́n bù sínú ife, ṣíbí ńlá ni. Wọn ò fi pamọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n kí mi káàbọ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń po tíì mi. Oyin ni, ṣé o ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o ti gbé e síwájú mi. O ò ní ìwòsàn ni? O ò ní kí n máa mu ún bó bá ṣe wù mí?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sùbúhánàllàhì! Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi gan-an, ọwọ́ èmi gan-an ni mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mo sì fi ọ̀rọ̀ wáàsí kún un, pé Ọlọ́run ti sọ pé ìwòsàn wà nínú oyin fún àwọn èèyàn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé oyin lè gbé ṣúgà sókè. Lójú mi, ṣúgà ni èyí tó wà nínú páálí, oyin wá láti inú igbó. Mo pe dókítà. Ó ní, "Mà, oyin náà ń gbé e sókè. Ẹ gbé e kúrò nítòsí wọn." Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò ṣì, Hikmah. Èmi ni mo gbé oògùn ikọ́ fún ìtọ̀ ṣúgà, tí mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹkún gbọ̀n mí. Kí n tó nu ojú tán, Màmá ní kí n dìde, kí n lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Mo bá Ìbíwùnmí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, oníbàárà wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, mo sì ní níwájú èèyàn ni mo ti bú u, níwájú èèyàn náà ni màá ti bẹ̀ ẹ́. Èmi Sùwéébátù, mo kúnlẹ̀. Ó pariwo, ó fò dìde, ó ń fà mí lápá. "Ẹ dìde, Màmá Ṣàràfá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?" Nígbà tí a jókòó tán ló wá sọ fún mi pé òun ti rí oyin náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìyá tirẹ̀ ní Ìkirè ní ìtọ̀ ṣúgà, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ oyin fún wọn tipẹ́. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ? Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmá ní ẹ̀yin lẹ gbé e fún àwọn. Ẹ má bínú o, mà, ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan ò rí bí ẹ ṣe wí, ilẹ̀ máa ń gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Mo padà wọlé, mo bi Màmá pé ṣé òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní tíì èèpo ọsàn yẹn, àwọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti pàtẹ́wọ́. Ó máa ń kan àwọn léyín, oyin ló ń jẹ́ kó ṣe é gbé mì. Mo ní, "Màmá, ẹ ní ó dùn!" Wọ́n ní, "Ṣé mo lè ní kò dùn? Ìwọ lò ń bọ́ mi, ìwọ lò ń wẹ egbò mi, inú rẹ sì ti dùn."

Wò ó, Hikmah, ìyá mi, tó bí mi, ń bẹ̀rù àti sọ fún mi pé tíì ń kan àwọn léyín.

A tún un tọ́ wò, ìgbà kẹta. Ìbíwùnmí ló darí rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síta, kí n lọ jókòó sórí àga oníbàárà òun, mo sì lọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé, mi ò yọjú. Màmá tọ́ mẹ́rin wò, wọ́n ní fànílà ẹlẹ́kéèkì yẹn, kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọdé. Èyí tí wọ́n mú ni atalẹ̀, èyí tí mo tì sí ẹ̀gbẹ́ kan! Wọ́n ní ó ń gbóná dé ibi tí ó yẹ kó gbóná dé, pé bí nǹkan bá ti ta lẹ́nu, kò sí ẹni tó ń ronú ṣúgà mọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí wọ́n ti ń mu ún ní tútù ní gbígbóná, láìsí ṣúgà, láìsí oyin.

A lọ rí dókítà ní Alàmísì tó kọjá. Mo kó aṣọ oorun Màmá dání, mi ò lè parọ́ fún ẹ. Wọ́n gún ìka, dókítà wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ó ká báńdéèjì, ẹran tuntun pupa ti ń yọ ní etí egbò náà. Ó ní kò sí gígé mọ́, kí a máa bá ohun tí à ń ṣe lọ. Màmá na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì síwájú, wọ́n ka ìka wọn sókè kí gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́, mẹ́wàá. Alihamudulilahi.

Láàárọ̀ yìí mo da omi lé atalẹ̀ fún wọn, mo gbàgbé rẹ̀ nídìí aṣọ tí mò ń lọ̀, ó pẹ́ jù. Màmá mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tì í padà sí mi. "Sùwéébá, kò dùn." Inú mi dùn débi pé mo di mọ́ wọn. Mo dà á nù, mo ṣe òmíràn.

Má fi oyin ránṣẹ́ mọ́ o, àmọ́ fi atalẹ̀ ránṣẹ́ dáadáa, ìdì mẹ́ta. Bá mi kí Àbúbákr, kí o gbé ọmọ mi sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún mi. Bàbá Ṣàràfá kí ẹ, Ìbíwùnmí náà kí ẹ, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ṣe é kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Hikmah. Màmá sọ ọ́ lẹ́nu lánàá nígbà tí à ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó tí mo rán fún ẹ, tí mo ní ó bá ẹ mu bí ìgbà tí wọ́n bí ẹ mọ́ ọn, wọ́n ní ó há ẹ láyà, àwọ̀ rẹ̀ ò sì wù ẹ́, pé o sunkún ní yàrá kí o tó jáde wá bá mi, tí o sì ní, "Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi." Ọdún mọ́kànlá rèé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kọ ọ́ sí mi, kí o má fi iyọ̀ tàbí ṣúgà sí i. Mo ti jókòó, mò ń gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sùwéébátù